Ẹ Yéé Ra Nọ́ńbà: Ọ̀rọ̀ Scope Olówó Pọ́ọ́kú Orí Ìbọn Afẹ́fẹ́

1/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe fídíò "ẹ wá wo scope tuntun", ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀ ń ba owó àwọn èèyàn jẹ́, ẹ dẹ̀ ń ba ọkàn wọn jẹ́. Thread yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tí kò ní ìbọn afẹ́fẹ́ náà lè kà á, torí kì í ṣe orí ìbọn nìkan la ti ń ta nọ́ńbà fún ara wa nílùú yìí.

2/
Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi náà wà ńbẹ̀. Ọmọ Bẹyẹrunka ni mí, mo kàwé gboyè, content ni mo fi ń jẹun. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ìbọn afẹ́fẹ́ kan, ó ní ìwé àṣẹ ẹ̀. Kì í fi pẹyẹ, kì í fi pa ohunkóhun. Bébà ló máa ń yìn ín sí ní oko ẹ̀ lọ́nà Ìdó, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ní ìgbà yẹn nìkan ni ọkàn òun máa ń dákẹ́.

3/
Lọ́dún tó kọjá mo rí fídíò ẹnì kan tó ń tú scope jáde nínú páálí. "6-24x50! Ẹ máa rí èèrà lórí ògiri!" Orin ń lọ lábẹ́ ẹ̀, iná ń tàn yinrinyinrin. Kò fi ìbọn kankan yìn ún, kò tiẹ̀ dè é mọ́ nǹkan kan. Mo fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo nǹkan tẹ́ ẹ máa rà." Wọ́n rà á. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n yọ rà á.

4/
Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn mo lọ kí wọn. Ìbọn ti wà nínú àpótí, wọ́n ti ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Mo ní ṣé ẹ ò lọ sóko mọ́ ní Sátidé ni? Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú mi ló ti lọ. Ibi tí mò ń wò kọ́ ni ọta ń bá." Wọ́n ní èyí tí àwọn yìn gbẹ̀yìn kò bá bébà rárá, páànù ahéré ẹni tó múlé ti àwọn lóko ló bá. Ọmọdébìnrin kan ń fọ abọ́ lẹ́yìn ahéré náà.

Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

5/
Wọ́n tún ní àwọn ò mọ̀ bóyá káwọn tiẹ̀ tún ìwé àṣẹ gbà mọ́, torí òfin ò fẹ́ ẹni tí ojú ẹ̀ ò dáa nídìí ìbọn. Òótọ́ dẹ̀ ni. Òfin ìbọn Nàìjíríà, ti 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìsọ̀rí kan náà ló wà pẹ̀lú shotgun. Òfin yẹn ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, kí wọ́n má fún ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, kí wọ́n má fún ọ̀mùtí, kí wọ́n dẹ̀ má fún ẹni tí ìríran ẹ̀ kò tó.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní "ohun ìṣeré" nínú fídíò, irọ́ lẹ̀ ń pa. Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ká tó sọ̀rọ̀ scope.

6/
Mo bẹ̀ wọ́n pé ká jọ lọ sóko. Ẹ gbọ́ o, èmi ò yìnbọn. Ìwé àṣẹ ò sí lórúkọ mi. Àwọn ló yìn, èmi ni mo jókòó ti ìwé àti rúlà. Mo ní kí wọ́n gbé ìbọn lé orí àpò yanrìn kékeré, kí wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún sí àmì kan ṣoṣo, mítà 10. Ihò márùn-ún yẹn fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀.

Mo ní ẹ jẹ́ ká tú scope yẹn kúrò. Wọ́n fi ojú irin tó wà lára ìbọn fúnra ẹ̀ yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún mìíràn. Mo mú ìdérí mínírà kan, mo gbé e lé ihò márààrún. Ó bò wọ́n.

Ojú wọn ò lọ ibì kankan.

7/
Mo gbé scope náà sétí, mo mì ín. Nǹkan kan ń sọ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀. Ohun tó di àmì àgbélébùú mú nínú ẹ̀ ti tú. Ẹni tó tà á ní àwọn kì í gba ọjà padà. Bàgbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ohun kan ṣoṣo tó ń fún un láyọ̀ sílẹ̀ torí nọ́ńbà tó wà lára páálí. Èmi ni mo fi ránṣẹ́. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn.

8/
Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ nọ́ńbà yẹn. 6-24x50: 6 dé 24 ni ìlọ́po tó fi ń sún nǹkan mọ́ ojú yín. 50 ni fífẹ̀ lẹ́ǹsì iwájú, ní mìlímítà. Ó tán. Kò sọ bóyá ara ẹ̀ le. Kò sọ bóyá lẹ́ǹsì ẹ̀ mọ́. Kò sọ bóyá á dúró síbi tẹ́ ẹ bá fi í sí.

Ìyá mi máa ń ra gààrí ní Ọjà'ba. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, wọn kì í wo bí gààrí ṣe ga lórí kọ́ńgò. Ìdí kọ́ńgò ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Nọ́ńbà ńlá lára scope olówó pọ́ọ́kú, gààrí tó ga lórí kọ́ńgò tí wọ́n lù nídìí ni.

9/
Owó kékeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Scope olówó pọ́ọ́kú tó dáa wà. Ṣùgbọ́n tí owó bá kéré, tí wọ́n dẹ̀ tún kó 24 lé e lórí, ó níbi tí wọ́n ti gé e. Ibi tí ojú ò tó ni wọ́n máa ń gé: gíláàsì inú, àti ohun tó di àmì àgbélébùú mú. Àwòrán á ṣú, ibi tójú gbọ́dọ̀ wà á há, bí ọkàn yín ṣe ń lù kìkì á hàn nínú ẹ̀. Fún bébà ní mítà 10 sí 25, ìlọ́po 4 tó. Ó tó gan-an.

10/
Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn onífídíò kì í sọ. Ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jẹ́ onísípíríǹgì, èyí tí wọ́n máa ń ká lójú kan kí wọ́n tó yìn ín. Tẹ́ ẹ bá tẹ ìfàn ẹ̀, sípíríǹgì á ti irin ńlá kan síwájú, ìbọn á kọ́kọ́ ta sẹ́yìn. Nígbà tí irin yẹn bá wá lọ gúnlẹ̀, ìbọn á tún ta síwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀nà méjì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Scope ìbọn ńlá, ìtasẹ́yìn nìkan ni wọ́n sábà ń múra ẹ̀ sílẹ̀ fún. Ìdí nìyẹn tí ìbọn "kékeré" yìí fi ń fọ́ scope tí ìbọn ńlá ò fọ́. Tí wọn ò bá kọ ọ́ sára páálí pé ó wà fún ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti bá a.

11/
Èkejì. Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ dijú kan, ẹ wo àtàǹpàkò náà àti ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ṣé ẹ rí i pé àtàǹpàkò ń rìn lára ògiri? Ohun tí wọ́n ń pè ní parallax nìyẹn. Ọ̀pọ̀ scope ìbọn ńlá, ọgọ́rùn-ún yáàdì ni wọ́n ti tò ó sí láti ilé iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e wá sí mítà 10, àmì àgbélébùú á máa rìn lórí bébà bí àtàǹpàkò yẹn. Orí yín yẹ̀ díẹ̀, ọta yẹ̀.

Ẹ wá èyí tí lẹ́ǹsì iwájú ẹ̀ ṣeé yí, tí wọ́n kọ 10 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn sí i lára. Bí kò bá yí, kó jẹ́ pé ibi tó sún mọ́ ni wọ́n tò ó sí.

12/
Torí náà, kí lẹ máa rà? 4x32 tó wà fún ìbọn afẹ́fẹ́. Tówó bá fẹjú díẹ̀, 3-9x40 tí iwájú ẹ̀ ń yí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú lára owó tó ṣẹ́kù ra mount gidi, ìyẹn òrùka méjì tó ń di scope mú sórí ìbọn, torí èyí tó wà nínú páálí sábà máa ń rọ̀. Ìyókù, ẹ fi ra ọta irú kan náà, tó pọ̀. Ẹni tó fi gbogbo owó ra scope, tó wá ń yìn ọta oríṣìíríṣìí tó ṣà jọ, ó ra bàtà olówó ńlá láti fi rìn nínú ẹrẹ̀ Ògùnpa ni.

13/
Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹnì kan á ní, "Ọmọ ogun ni wá n'Ìbàdàn, àwọn baba wa ò lo scope." Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò parí títí di 1893. Àwọn baba wa yẹn, ṣakabùlà tí wọ́n ń ki láti ẹnu ni púpọ̀ nínú wọn gbé lọ. Àwọn Èkìtìparapọ̀ ra ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ìdí, ó gba ọ̀nà Èkó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ìró ìbọn wọn ni orúkọ ogun náà ti wá. Akin ò wọ́n n'Ìbàdàn nígbà yẹn. Irinṣẹ́ tó bá iṣẹ́ mu ló wọ́n. Nítorí náà ẹ má fi orúkọ baba wa bo àìmọ̀kan.

14/
Ẹlòmíì á ní, "Ẹ ò rí Yusuf Dikeç, ará Tọ́kì yẹn? Kò lo nǹkan kan, ó gba fàdákà!" Mo rí i. Gbogbo wa la rí i, Paris 2024, ọwọ́ kan nínú àpò, jígí ojú lásán. Òun àti Şevval İlayda Tarhan ni wọ́n jọ gbà á. Ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ ni wọ́n lò. Ìbọn gígùn náà wà ní Òlíńpíìkì láti Los Angeles 1984, mítà 10, òfin eré náà ò dẹ̀ gba scope rárá. Ihò kékeré kan ni wọ́n ń yọjú wò nínú ẹ̀. Ojú àmì 10 tí wọ́n ń wá, ìdajì mìlímítà péré ni.

Ẹ wá sọ fún mi: ta ni Dikeç ń gbè lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi àbí ẹ̀yin onínọ́ńbà? Ohun tó mú dání dúró lójú kan, òun náà dúró lójú kan. Ó tán.

15/
Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tò ó. Ẹ fi post yìí pamọ́.

Àkọ́kọ́: kí ìbọn ṣófo. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹnu ẹ̀ kọjú síbi tí èèyàn ò sí.

Ìkejì: ẹ fi rúlà wọn ojú irin orí ìbọn níbi tí mount ń jókòó sí. Mìlímítà 11 ni ti ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́. Mount tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ á jókòó, á dẹ̀ máa yọ̀. Kí mount náà ní èèkàn kékeré tó ń wọ ihò orí ìbọn, kó má baà máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ń ta.

16/
Ìkẹta: ẹ gbé scope sínú òrùka, ẹ má tíì dì í. Ẹ dijú, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ lajú. Tẹ́ ẹ bá rí dúdú yíká, ẹ fà á síwájú tàbí sẹ́yìn títí àwòrán á fi kún. Ó sábà máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ jìnnà sójú. Ọrùn yín ò gbọ́dọ̀ nà wá a. Òun ló gbọ́dọ̀ wá yín.

17/
Ìkẹrin: àwọn bíríkìlà ní okùn kan tí wọ́n ń so irin mọ́ nídìí kí ògiri má baà wọ́. Ẹ yá a. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka igi ní mítà 10. Ẹ gbé ìbọn kalẹ̀ kó dọ́gba, ẹ yí scope títí ìlà tó nà ròó nínú ẹ̀ á fi bá okùn náà dọ́gba. Tó bá wọ́, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sókè ló máa tún yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó wá máa ní afẹ́fẹ́ ló gbé ọta lọ.

Ìkarùn-ún: ẹ máa di síkúrù díẹ̀díẹ̀, tibí, tọ̀hún, bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ má dì í bí ẹni tó ń bínú.

18/
Ìkẹfà: ẹ̀yìn bébà. Páálí tẹ́ ẹ ki àkísà àti ìwé ìròyìn àtijọ́ sí pinpin, kí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe ògiri, kì í ṣe òkúta, torí ọta á ta padà wá sójú yín. Ẹ wọ jígí. Ẹ dẹ̀ má ṣe é nínú agbo ilé. Ẹ gorí òkè Mápó kẹ́ ẹ wolẹ̀: páànù ló fẹnu ko páànù láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. Níbo ni ọta tó bá ṣìnà fẹ́ já sí tí kò ní sí ọmọ ẹnì kan níbẹ̀?

19/
Ìkeje: ẹ gbé ìbọn lé nǹkan rírọ̀, ẹ má fún un lọ́rùn. Ìbọn onísípíríǹgì fẹ́ràn kó ta bó ṣe fẹ́ ta. Yìnbọn márùn-ún, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan scope láàárín. Àárín ihò márààrún lẹ máa wò, kì í ṣe èyí tó dáa jù tẹ́ ẹ fẹ́ fi ya fọ́tò.

Ìkẹjọ: ìṣirò. Lára ọ̀pọ̀ scope, click kan máa ń gbé ọta bíi mìlímítà méje ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ní mítà 10, kò tó mìlímítà kan, bíi 0.7 ni. Tí ọta bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ sílẹ̀, bíi click 40 lẹ máa yí. Ogójì! Ẹni tó yí mẹ́rin, tó ní scope ò ṣiṣẹ́, kò tíì ṣírò ni.

20/
Ìkẹsàn-án, èyí tó máa tú àṣírí gbogbo scope: ẹ yìnbọn sí àmì kan. Ẹ yí 20 sókè, ẹ yìn. 20 sọ́tùn-ún, ẹ yìn. 20 sílẹ̀, ẹ yìn. 20 sósì, ẹ yìn. Àmì kan náà lẹ̀ ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ padà sínú ihò àkọ́kọ́. Tí kò bá padà, nọ́ńbà yòówù kó wà lára páálí, irọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé bébà lọ sí mítà 20 tàbí 25, kẹ́ ẹ tún un ṣe díẹ̀.

21/
Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń ṣe content, ohun tí mo ń bẹ̀ yín ò pọ̀. Ẹ má tú páálí kẹ́ ẹ pè é ní àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ yìn ín nígbà igba kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹ fi ihò bébà hàn wá, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Tí wọ́n bá sanwó fún yín, ẹ sọ. Ẹ dẹ̀ yéé fi scope orí ìbọn wo àwọn aládùúgbò fún ẹ̀rín. Ibi tí scope bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí.

Ẹ ní fídíò bẹ́ẹ̀ ò ní lọ jìnnà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn tó ń wò yín ò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wò yín. Ẹni tó mọ̀nà tó fi afọ́jú sínú kòtò, ṣé ó lè ní afọ́jú ni kò ríran?

22/
Bàbá Kékeré ti ra 4x32 kan. Owó ẹ̀ ò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo di síkúrù ẹ̀, okùn bíríkìlà kan ní Bẹẹrẹ la yá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, click 38. A ṣe ti 20-20 yẹn, ó padà sínú ihò.

Wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá. Mo rò pé scope ti tún bàjẹ́ ni. Wọ́n ní rárá o, àwọn kàn ní kí n mọ̀ pé àwọn ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ láti tún ìwé àṣẹ gbà.

Scope àkọ́kọ́ yẹn wà lórí tábìlì mi níbí. Tẹ́ ẹ bá mì ín, ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ fi thread yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà.